Fíìmù Ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ Wo Ló Bá Yín Mu? Ìfiwéra Kan Láti Adó-Èkìtì

Nígbàkúùgbà tí àwọn àbúrò mi bá wálé sí Adó-Èkìtì fún ọdún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Bùọ̀dá, fíìmù wo ló ń dẹ́rù bani jù?" Wọ́n mọ̀ pé láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn irú fíìmù bẹ́ẹ̀, àti pé mo máa ń tún wọn wò kí n lè mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti ń wá. Èsì mi kì í yí padà: ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, ta ni yóò wò ó, ibo ni yóò ti wò ó, ta ni yóò sì sùn ti onítọ̀hún lálẹ́ ọjọ́ náà? Fíìmù tó lé àgbàlagbà kan jáde nínú pálọ̀ lè mú ọmọ ọdún méjìdínlógún rẹ́rìn-ín. Èyí tí ọmọ náà kò sì lè wò parí, màmá rẹ̀ lè jókòó tì í kó máa já ẹ̀fọ́ lọ.

Ohun tí mo ti rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀rù ti wà nínú wa kí a tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí wọ́n fi ìtàn àkúdàáyà tọ́ dàgbà ní ẹ̀rù tirẹ̀, ẹni tó lo ọdún mẹ́fà ní bọ́díǹgì ní tirẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òbí rẹ̀ ní tirẹ̀. Fíìmù tó bá mọ yàrá tí ẹ̀rù yín ń gbé ni yóò kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní tò wọ́n láti orí èyí tó le jù dé èyí tó rọ̀ jù. Màá sọ ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n, màá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà màá sọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni irú ẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Ìdágìrì yàtọ̀ sí jìnnìjìnnì. Ìdágìrì ni kí gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́, kí ojú kan ṣàdédé yọ tòun ti ariwo, kí ẹ fò sókè lórí àga. Ẹ ó mu omi, ẹ ó fọwọ́ gbá àyà, ó ti tán. Jìnnìjìnnì kì í pariwo. Ó ń rọra wọ ara bí òtútù ọyẹ́ àárọ̀, ìgbà tí ẹ bá dìde láti pa iná lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti wọlé. Èmi ka jìnnìjìnnì sí ju ìdágìrì lọ. Ẹni tó bá ń wá ohun tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun yóò fi pariwo lè má gbà pẹ̀lú mi, kò sì jẹ̀bi.

Èkejì ni bó ṣe ń pẹ́ lára tó. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ṣé mo lè dá lọ pa jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé? Igi ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, atẹ́gùn máa ń fi ewé rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń juwọ́. Tí mo bá ti pa ẹ̀rọ náà, ariwo rẹ̀ á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé á ṣókùnkùn, mo sì gbọ́dọ̀ rin bí ogún ìṣísẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà. Fíìmù tó bá mú kí n pe ẹnì kan pé kó sìn mí débẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó bá wá.

Ẹ̀kẹta ni owó, pàápàá dátà àti iná. Bí ẹ bá ń wo fíìmù tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwòrán rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó ń jẹ tó gígábáìtì kan ní wákàtí kan. Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ́ rekete, ó lè jẹ mẹ́ta. Fíìmù wákàtí méjì tí iná lọ láàárín rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ẹni tó ń wò ó, nítorí jìnnìjìnnì tó já kì í ṣe é so padà. Nítorí náà, mo máa ń ka gígùn fíìmù mọ́ iye owó rẹ̀. Ẹ gbà á sórí fóònù tàbí láptọ̀ọ̀pù kí alẹ́ tó lẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni etí. Àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé ohùn kékeré inú wọn ni gbogbo ẹ̀rù wọn. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún létí fèrèsé, owó ṣòfò. Èdè náà wà níbẹ̀: ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán kò lè máa wo igun yàrá tí nǹkan náà dúró sí.

Ìkarùn-ún ni àwọn tí kò yẹ kó wò ó. Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ìpayà fún, aláboyún, àti ọmọdé. Lórí èyí, n kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà.

Tilé wa: Agbára Ńlá

Ẹgbẹ́ eré ìhìnrere Mount Zion, tí Mike Bamiloye dá sílẹ̀ ní 1985, ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìjà agbára òkùnkùn àti agbára Ọlọ́run ni, ọ̀gá àwọn ẹni ibi inú rẹ̀ sì ni Isawuru. Ẹ dárúkọ Isawuru fún ẹnikẹ́ni tó ti lé lógójì ọdún káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹ wo ojú rẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, ní pálọ̀ aládùúgbò wa kan tó ní ẹ̀rọ fídíò. Àwọn àgbà wà lórí àga, àwa ọmọdé wà lórí ẹní, àwọn tí kò ráyè wọlé fẹnu ti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé níta. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti gbó, àwòrán rẹ̀ ń já, ìlà funfun ń gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tó parí, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú, a ń lọ sílé. Òkúta Olósùnta dúró ní iwájú wa bí òru tó nípọn ju òru yòókù lọ. Ìyá mi ń kọ orin ìsìn sókè. Ibi tí a dé tí mo fi gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, mi ò gbàgbé títí dòní. Títí di àkókò yẹn, fíìmù lásán ni mo pè é. Ìgbà tí mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba ìyá mi náà ni ó tó di òótọ́ fún mi.

Kí ló fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Èdè wa ni. Tí ẹni ibi bá ń pe ọfọ̀ ní èdè tí ìyá yín fi ń sọ pé ẹ wá jẹun, kò sí odi kankan láàárín yín. Àwọn ojú inú rẹ̀ jọ ojú tí a mọ̀, ilé inú rẹ̀ jọ ilé bàbá wa, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń gbàdúrà lé lórí ní ìdájí. Ẹni tó gbàgbọ́ pé ìjà náà ń lọ lóòótọ́ kì í wò ó bí eré.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọjọ́ ti lọ lórí àwòrán àti ọgbọ́n iná rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2005, tó ti wo fíìmù òyìnbó tó mọ́ rekete, lè máà rí ju kíkùn ojú àti mànàmáná àtọwọ́dá lọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, Mount Zion ń gbé fíìmù wọn sórí YouTube fúnra wọn. Jìnnìjìnnì rẹ̀ pọ̀, ìdágìrì rẹ̀ kéré, ó sì ń pẹ́ lára ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sìn àti ìtàn ilé tọ́.

Araromire (The Figurine), 2009

Kunle Afolayan ló darí rẹ̀, ó sì kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú Ramsey Nouah àti Omoni Oboli. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó jẹ́ àgùnbánirọ̀ rí ère kan nínú ojúbọ àpatì nínú igbó, wọ́n sì gbé e. Ọdún méje oríire ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọdún méje mìíràn bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti mọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀.

Fíìmù yìí gba ẹ̀bùn márùn-ún ní 2010 níbi AMAA, àmì-ẹ̀yẹ àwọn fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà, títí kan ti fíìmù tó dára jù. Èmi kò mọ fíìmù Nàìjíríà mìíràn tó fi sùúrù kó jìnnìjìnnì jọ bẹ́ẹ̀. Kò sí àǹjọ̀nú kan tó ń fò jáde lára ògiri. Ère kékeré kan ló kàn wà lórí tábìlì, ẹ sì ń ka ọdún. Ìbéèrè tó fi sílẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù: ṣé òrìṣà ló ń jà ni, àbí ọwọ́ ènìyàn? Lọ́dọ̀ tiwa, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti inú fíìmù nìkan. Mélòó nínú ọ̀rọ̀ ìdílé ni a ti jókòó lé lórí, tí bàbá kan ní ayé ló ń ṣe é, tí ẹlòmíràn ní ìwà ni, tí a kò sì rí i yanjú títí tí a fi jẹ iyán tán tí kálukú wọ mọ́tò?

Ó lé ní wákàtí méjì díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ nínú rẹ̀. Kò yẹ fún ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹwàá, nítorí ó máa ń gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àgbà lè wò ó, ọmọ girama tó ti dàgbà díẹ̀ náà lè wò ó.

Juju Stories, 2021

Ìtàn mẹ́ta ni, olùdarí mẹ́ta ló ṣe é: Michael Omonua, Abba Makama àti C.J. Obasi. Àwọn alárìíwísí olómìnira fún un lẹ́bùn ní àjọ̀dún fíìmù Locarno ní orílẹ̀-èdè Switzerland lọ́dún náà. Ìtàn àárín, èyí tí Makama ṣe, ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ọmọ ìgboro kan mú owó tó rí lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì di iṣu.

Ta ni wọn kò sọ ọ́ fún rí? "Má mú owó nílẹ̀, wàá di iṣu." Èmi gbọ́ ọ lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ sílé-ìwé. Ní Èkìtì níbí, níbi tí odó ti ń dún láti agbolé dé agbolé tí alẹ́ bá ti ń lẹ́, ìtàn yẹn ní ìdí mìíràn tó fi ń múni lára: iṣu ni ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ jù lọ láyé. Ẹni tí mo jẹ́ kó wò ó nílé wa ni ìyàwó àbúrò mi. Ní ọjọ́ kejì, ó ń bẹ iṣu, mo sì rí i tó gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yí sí ọ̀tún, yí sí òsì, tó wò ó dáadáa kó tó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́.

Ẹ̀rù rẹ̀ kò le púpọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

The Origin: Madam Koi-Koi, 2023

Ẹni tó lọ bọ́díǹgì kò nílò àlàyé. Olùkọ́ obìnrin tó kú, tó ń fi bàtà gogoro rìn kiri ilé ìsùn lóru, kóì, kóì, kóì. Jay Franklyn Jituboh ló darí rẹ̀ fún Netflix, apá méjì ni. Ní òdodo, ìtàn náà dẹ́rù bà mí ju fíìmù náà lọ, nígbà tí senior kan ń sọ ọ́ fún wa nínú òkùnkùn, lórí bẹ́ẹ̀dì onípele méjì tó ń dún kíríkírí. Ṣùgbọ́n tí àwọn tí ẹ jọ jáde ilé-ìwé bá kó ara wọn jọ, òun ni kí ẹ wò, kí ẹ sì dá a dúró láàárín láti sọ ti ilé-ìwé tiyín. Owó Netflix oṣù kan ni, àti dátà.

Àwọn tó ti òkè òkun wá

The Exorcist ti 1973 ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. William Friedkin ló darí rẹ̀, láti inú ìwé tí William Peter Blatty kọ. Òun ni fíìmù ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du Oscar fíìmù tó dára jù. Wọ́n sọ yàrá tí wọ́n ti yà á di tútù bíi fíríìsà kí èémí àwọn òṣèré lè máa hàn bí èéfín. Ohùn ẹ̀mí èṣù náà, obìnrin ló ṣe é, Mercedes McCambridge, ẹni tó ń gbé ẹyin tútù mì, tó sì ń fa sìgá kí ọ̀fun rẹ̀ lè há.

Ibi tí ojú tiwa ti yàtọ̀ nìyí. Ìyá ọmọ inú fíìmù náà gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ó pẹ́ gan-an kó tó ronú kan àlùfáà. Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì. Orí òkè àdúrà ni ìyá Èkìtì ìbá ti wà. A ti rí ìdáǹdè nínú ìjọ lójúkorojú, a ti rí ẹni tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè dì mú. Nítorí náà, apá tó mú àwọn òyìnbó dákú kì í sábà dá àwa dúró. Èyí tó ń jẹ́ kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wà nínú ilé ìwòsàn: wọ́n de ọmọdébìnrin náà mọ́lẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ọrùn láti ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì tú jáde. Kò sí ẹ̀mí èṣù kankan níbẹ̀. Òbí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó fi fíìmù yìí sílẹ̀. Bí wákàtí méjì ni, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì fà.

The Conjuring, 2013, tí James Wan darí, ni èyí tó ṣiṣẹ́ jù nílé wa nínú gbogbo ti òyìnbó. Ìdílé kan tó ní ọmọbìnrin márùn-ún kó lọ sí ilé àtijọ́ kan ní Rhode Island ní 1971. Ajá wọn kọ̀, kò wọlé. Aago ilé ń dúró ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò gbà kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́tàdínlógún wò ó láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìhòòhò nínú rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ nìkan ló fà á.

Eré ìdárayá kan wà tí àwọn ọmọ náà ń ṣe: wọ́n fi aṣọ di ojú ẹnì kan, àwọn yòókù sá pamọ́, tó bá sì béèrè, wọ́n á pàtẹ́wọ́ kó lè tẹ̀ lé ohùn náà. Bojúbojú ni! Eré tí gbogbo wa ṣe ní àgbàlá. Òru kan báyìí ni òjò ń rọ̀ ní àdúgbò Ajílòsun, a jẹ́ méje nínú pálọ̀, ìyá inú fíìmù fi aṣọ dijú, ó ń tẹ̀ lé pàtẹ́wọ́ wọ yàrá lọ, ọwọ́ méjì sì yọ jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni kò pariwo lára wa. Èyí àbúrò mi tó ń sọ̀rọ̀ jù fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ wọnú àga, kò sì sọ wọ́n kalẹ̀ mọ́ títí fíìmù fi parí. Fún ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò, àwọn ọmọ ilé kò ṣe bojúbojú. Ìdágìrì wà nínú rẹ̀, jìnnìjìnnì wà nínú rẹ̀, kò sì tó wákàtí méjì. Èmi pe ẹnì kan tẹ̀ lé mi lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́ kejì, àti ní alẹ́ kẹta.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n fi òǹkà sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú Sinister (2012) wá. Ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ènìyàn 50 jọ ní 2020, wọ́n so ohun tó ń ka lílù ọkàn mọ́ wọn lára, wọ́n sì ń fi fíìmù hàn wọ́n. Sinister ló ṣáájú: ọkàn tó ń lu ìgbà 65 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ara balẹ̀ lọ sí 86. Òǹkọ̀wé kan ló kó ìdílé rẹ̀ wọ ilé tí wọ́n ti pa àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú, ó sì rí àpótí fíìmù àtijọ́ kan ní òkè àjà. Fíìmù tó ṣáájú nínú irú ìdánwò náà ní 2021 ni Host, tí Rob Savage ṣe nígbà kónílé-ó-gbélé Kòrónà. Orí Zoom ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwọn òṣèré ló fúnra wọn to kámẹ́rà sínú ilé wọn, kò sì pé wákàtí kan.

Mo bọ̀wọ̀ fún òǹkà wọn, ṣùgbọ́n ọkàn tó ń sáré ń sọ nípa ìdágìrì ju jìnnìjìnnì lọ. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé àwọn 50 náà délé láti wò bóyá wọ́n pa iná sùn. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì EKSU tàbí ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí dátà rẹ̀ kéré, tí agbára fóònù rẹ̀ sì ti ń lọ, kò ní rí èyí tó ju Host lọ. Lórí fóònù gan-an ló ti dára jù, nítorí pé ojú fóònù ni fíìmù náà fúnra rẹ̀ jọ.

A Quiet Place (2018) dára, ìṣẹ́jú 90 péré ni, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹranko inú rẹ̀ ń fi ohùn ṣọdẹ ènìyàn, ìdílé náà sì ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Láìsí ínfátà tí kì í pariwo, tàbí ohun ìgbọ́hùn tó dára tí a ń fi sétí, ẹ má dá a lé.

Night of the Living Dead ti 1968 jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n gbàgbé láti tún kọ àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ oní-nǹkan sí i, ó sì di ti gbogbo ayé. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ láìṣẹ̀ sófin. George Romero ló ṣe é, dúdú àti funfun ni, Duane Jones tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sì ni olórí òṣèré rẹ̀, ní ọdún tí èyí ṣọ̀wọ́n gidigidi. Àwọn òkú dìde, wọ́n ń jẹ ènìyàn. Ẹni tó gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù òkú tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní pápá. Òkú tó ń bani lẹ́rù nílẹ̀ wa ni èyí tó lọ sí ìlú mìíràn, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó ń kí yín ní ẹ káàárọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn tó wà nínú ilé náà, tí wọn kò gbọ́ra wọn yé, ló dẹ́rù bà mí níbẹ̀.

Mo fi Hereditary (2018) ti Ari Aster sí ìgbẹ̀yìn nítorí pé n kì í fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ìsìnkú ìyá àgbà ló fi bẹ̀rẹ̀. Toni Collette ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe ilé kéékèèké bí ohun ìṣeré. Ohun tí òkú náà fi sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni ìtàn náà. Àwa tí a ń gbàdúrà lórí ogún ìdílé ní gbogbo ìparí ọdún, ẹ fojú inú wo bí yóò ṣe rí lára wa. Ẹkún kan wà nínú rẹ̀ tí ìyá kan sun lórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Mo ti gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ ní agbolé wa ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ìròyìn dé láti ojú títì. N kò lè tún fíìmù náà wò. Ó lé ní wákàtí méjì.

Ta ni kó mú èwo?

Tí ẹ bá fẹ́ jókòó pẹ̀lú ìyá tàbí bàbá yín, tí ẹ fẹ́ kí gbogbo ilé jọ wò ó, kí ẹ sì jọ gbàdúrà lẹ́yìn rẹ̀, Agbára Ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí sọ bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wò ó, kí ẹ̀rín àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn tó ní làákàyè, tó lè fara balẹ̀, Araromire ni mo yàn fún un, àní ju ti òyìnbó èyíkéyìí lọ. Tọkọtaya tó fẹ́ ohun tí wọn yóò máa fà lọ́rọ̀ títí dọ̀la, àwọn náà kó mú un.

Àwọn ọ̀rẹ́ tó fẹ́ pariwo kí wọ́n sì rọ́ mọ́ ara wọn, tí dátà wà lọ́wọ́: Sinister. Tí dátà kò bá tó: Host. Tí kò bá sí owó rárá: Night of the Living Dead. Ẹni tó lọ bọ́díǹgì ti ní tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé àdúgbò tó dákẹ́, tí ínfátà sì wà nílé rẹ̀, kó gbìyànjú A Quiet Place.

The Exorcist yẹ fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti mú ọgbọ́n wọn. Juju Stories yẹ fún ẹni tó ń se oúnjẹ nílé, kó lè rí ohun tí mo rí lójú ìyàwó àbúrò mi. Hereditary, ẹ má fún ẹni tí òkú ṣẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́tàlá, n kò yan ọ̀kankan. Àgbà tó bá jókòó ti ọmọ tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa rántí pé ojú òun ni ọmọ náà ń wò ju tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ̀rù gidi, èyí tí yóò bá a délé, tí yóò sì dúró tì í, kó mú The Conjuring ní òru òjò. Ẹ gba agbára kún láptọ̀ọ̀pù láti ìrọ̀lẹ́, ẹ kó àwọn ènìyàn jọ, kí ẹ sì ti lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí fíìmù náà tó bẹ̀rẹ̀, kó má di pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnì kan nínú yín yóò dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé.